Mákindé Tó Ń Kàwé ní Ṣáláńgá

Ẹ̀rù ayé ń ba Mákindé Ògúnbíyìí ju ẹ̀rù ebi lọ, bẹ́ẹ̀ ebi mọ ilé rẹ̀ dáadáa.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Ọdún 1979 ló dé Okokomáíkò pẹ̀lú àpótí páálí kan, ó sì ríṣẹ́ mẹ́sẹ́ńjà ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta irin àti páànù ní Ọ̀jọ́, kò jìnnà sí bárékè àwọn sójà. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí pósófíìsì láràárọ̀, kó kó lẹ́tà ilé-iṣẹ́ wá, kó po tíì, kó sì máa gbé fáìlì láti orí tábìlì kan dé orí òmíràn. Ó fẹ́ Kíkẹ́lọmọ, aránṣọ, wọ́n bí Abọ́lá, wọ́n sì gba yàrá kan nínú ilé oníyàrá mẹ́rìndínlógún kan lẹ́yìn búsítọ́ọ̀pù. Títí débí, kò sí ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n ayé! Láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti nígbà tó bá ń gé èékánná, ọ̀rọ̀ ayé ò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bó bá ra bàtà tuntun, á kọ́kọ́ fi ẹrẹ̀ pa á lára kó tó wọ̀ ọ́ jáde, nítorí ayé. Bí ẹran bá pọ̀ díẹ̀ nínú ọbẹ̀, á ní kí Kíkẹ́lọmọ ti ilẹ̀kùn, nítorí ayé. Nígbà tí Abọ́lá gba ipò kejì ní kíláàsì, ó ní kí ọmọ náà sọ fún àwọn ará ilé pé ipò kejìdínlógún lòun gbà. Ọmọ náà sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ta wá ni ayé yìí gan-an? Bí ẹ bá tú u wò, ẹ ó rí i pé Mùsítúrà tó ń ta kẹrosíìnì ní yàrá iwájú ni, àti Gàníyù, mẹ́sẹ́ńjà kejì níbi iṣẹ́. Mùsítúrà, tó jẹ́ pé bí kẹrosíìnì ò ṣe ní dà sílẹ̀ nìkan ló ń rò láti àárọ̀ dalẹ́! Gàníyù, tí kò lè pa àṣírí mọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ì báà jẹ́ tirẹ̀ tàbí ti ẹlòmíràn! Àwọn ọ̀tá Mákindé nìyẹn. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Nínú gbogbo òwe tí àwọn baba wa fi sílẹ̀, ẹyọ kan yìí ló mọ̀ ọ́n pa.

Lọ́dún 1986, Ọ̀gá Ládépọ̀ tó jẹ́ máníjà pe àwọn òṣìṣẹ́ kékeré jọ. Ó ní bàbá tó ń tọ́jú sító máa fẹ̀yìn tì ní ìparí ọdún 1989, òun ò sì fẹ́ lọ mú àjòjì wá láti ìta. Èyíkéyìí nínú àwọn mẹ́sẹ́ńjà tó bá gba ìwé ẹ̀rí lórí iṣẹ́ sító kí bàbá náà tó lọ, òun lòun máa gbé kọ́kọ́rọ́ fún. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún ẹni tó ti ń gun kẹ̀kẹ́ lẹ́tà láti ọdún méje? Tábìlì tirẹ̀, àga tirẹ̀, yàrá méjì dípò ẹyọ kan, kí èèyàn sì yé pàṣẹ tíì fún un bí ẹni pàṣẹ fọ́mọ ọ̀dọ̀. Ara Mákindé gbóná. Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun mìíràn tó fẹ́ láyé ju kọ́kọ́rọ́ sító lọ.

Gàníyù náà fẹ́ ẹ, kò sì fi bò. Lọ́jọ́ kejì ló ti forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ kan ní Ìyànà-Ìbá, ó sì ń pariwo rẹ̀ kiri bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì. Ohun tí kò bá yé e, á bi bàbá sító, á bi akọ̀wé, á dá Ọ̀gá Ládépọ̀ fúnra rẹ̀ dúró ní ọ̀nà. Ó tiẹ̀ wá bá Mákindé níbi tó ti ń po tíì.

“Mákindé, jẹ́ ká jọ máa lọ,” ni Gàníyù wí. “Ẹni tó bá tètè yé nínú àwa méjèèjì, kó máa kọ́ ẹnì kejì. Ibi tó bá yọrí sí ká gbà á bẹ́ẹ̀.”

“Orí mi ò gbé ìwé mọ́,” ni Mákindé dá a lóhùn, ó sì ń rẹ́rìn-ín sínú. Ó ní òun ti rí pàkúté. Pàkúté! Ọ̀rẹ́ nawọ́ sí i, ó ń wá okùn ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

Òun ti ní ọ̀nà tirẹ̀. Nínú ìwé ìròyìn kan tí wọ́n fi wé àkàrà fún un, ó ti rí ìpolówó ẹ̀kọ́ onílẹ́tà, ti kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Ìbàdàn. Jókòó sílé rẹ, kí o sì gba ìwé ẹ̀rí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́. Pósófíìsì ni yóò máa gbé ẹ̀kọ́ wá, pósófíìsì ni yóò máa gbé iṣẹ́ lọ. Olùkọ́ ò ní rí ojú rẹ̀, ẹlẹgbẹ́ ò ní mọ̀ pé ó ń kàwé. Ibo layé fẹ́ gbà mú un?

Síbẹ̀, ó kọ́kọ́ lọ bá wòlíì ìjọ aláṣọ funfun tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń lọ. Kò sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún wòlíì pàápàá. Ó ní “nǹkan kan” lòun fẹ́ dáwọ́ lé. Wòlíì náà, tí èèyàn mọ́kànlá ṣì ń dúró dè lórí ìlà, ní kó ṣọ́ra, pé orúkọ tí ayé bá mọ̀ ni ayé fi ń mú èèyàn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó sọ fún àwọn mọ́kànlá yòókù náà nìyẹn. Mákindé gbé ọ̀rọ̀ náà délé bí ẹni gbé ẹyin. Nígbà tó máa kọ fọ́ọ̀mù kọ́lẹ́ẹ̀jì, kò kọ Mákindé Ògúnbíyìí sí i. Àdìó Ọláṣùpọ̀ ló kọ. Àdìó ni oríkì tí ìyá àgbà rẹ̀ fi ń pè é ní kékeré, ìyá àgbà sì ti lọ sọ́run. Ọláṣùpọ̀ ni orúkọ bàbá tó bí ìyá rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí láti Okokomáíkò dé Ọ̀jọ́. Àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́ ló sì lò. Ṣebí òun ló ń lọ kó lẹ́tà láràárọ̀? Kó tó gun kẹ̀kẹ́ padà, á ti yọ lẹ́tà Àdìó kúrò láàárín ti ilé-iṣẹ́, á tì í bọ abẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ó rò pé òun ti gbọ́n ju ayé lọ.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ dé nínú àpòòwé ńlá kan. Ó wá di ibo ni yóò ti kà á. Nínú yàrá kan ṣoṣo tí ìyàwó ti ń ránṣọ, tí ọmọ ń sá sókè sódò? Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níwájú Mùsítúrà? Ọkùnrin tí orí rẹ̀ pé á sọ fún aya rẹ̀ pé, “Ìyá Abọ́lá, mo fẹ́ kàwé, bá mi pa ilé lẹ́nu mọ́ fún wákàtí kan.” Gbólóhùn kan péré, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ṣáláńgá ni Mákindé gbé ìwé lọ.

Ṣáláńgá méjì ló wà nínú ilé yẹn fún yàrá mẹ́rìndínlógún. Mákindé á ki ìwé bọ abẹ́ aṣọ, á gbé kẹ́tùrù omi dání, á wọlé, á ti ilẹ̀kùn páànù, ó di gbére. Nínú òórùn yẹn, pẹ̀lú eṣinṣin lórí etí, ó ń kà nípa bí a ṣe ń gba ẹrù wọlé àti bí a ṣe ń tò ó. Níta, àwọn ará ilé á tò sórí ìlà, agolo omi lọ́wọ́, ojú kíkorò.

“Bàbá Abọ́lá, ṣé ẹ ti sùn síbẹ̀ ni?”

“Inú ń run mí o!” ni Mákindé á ké láti inú.

Ó wí i lónìí, ó wí i lọ́la, nígbà tó máa di oṣù kẹta gbogbo ilé ti gbà pé ọkọ Kíkẹ́lọmọ ní àrùn inú. Mùsítúrà, ọ̀tá tí ayé yàn tì í, pa kẹrosíìnì rẹ̀ tì lọ́jọ́ kan, ó wọ mọ́tò lọ bá àna rẹ̀ kan ní Ìbá, ó gba èèpo àti egbò wá fún àgbo. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Kíkẹ́lọmọ ń sè é lójoojúmọ́, ó korò bí jogbo, á sì dúró ti ọkọ rẹ̀ títí yóò fi mu ún tán. Mákindé ń mu ún! Ọdún mẹ́ta gbáko, ọkùnrin tí nǹkan kan ò ṣe ń mu àgbo inú rírun, kí ìyàwó rẹ̀ má baà mọ̀ pé ó ń kàwé. Ní ìjọ, wọ́n pè é jáde lọ́jọ́ Àìkú kan, wọ́n fi òróró pa á níkùn, wọ́n gbàdúrà fún ìfun rẹ̀. Ó ṣe àmín. Ohùn rẹ̀ ló tilẹ̀ ròkè jù.

Ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ̀kọ́ onílẹ́tà rọrùn, ẹ bi í bóyá ó ti ṣe é rí. Kò sí olùkọ́ tó máa fa èèyàn létí níbẹ̀, èèyàn ló máa fa ara rẹ̀ létí. Bí nǹkan bá rú ọ lójú lónìí, o máa kọ lẹ́tà. Lẹ́tà á lọ sí Ìbàdàn, á sùn lọ́nà, á jí, ìdáhùn á dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nígbà tó o ti gbàgbé ohun tó o bi wọ́n. Mákindé rò pé òun máa jókòó ni, ìwé ẹ̀rí á sì wá bá òun. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó fi ránṣẹ́, Tútọ̀ fún un ní mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Tútọ̀ ni wọ́n ń pe olùkọ́ náà. Kò ní orúkọ mìíràn, kò ní ojú, báírò pupa nìkan ló fi ń sọ̀rọ̀. Ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé: “O kò ka ìbéèrè kó o tó dáhùn.” Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni Mákindé fi ń bú Tútọ̀ nínú ṣáláńgá. Ó tiẹ̀ rò ó wò pé bóyá Tútọ̀ náà wà lára wọn.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà gbọ́n, wọ́n mọ̀ pé kéèyàn máa dá nìkan kàwé a máa súni. Wọ́n fi ìwé kan ránṣẹ́ sí i, orúkọ àwọn tó ń ṣe irú ẹ̀kọ́ kan náà ní Èkó ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú àdírẹ́sì wọn, kí wọ́n lè wá ara wọn rí, kí wọ́n sì jọ máa kàwé. Mákindé rí orúkọ Àdìó Ọláṣùpọ̀ láàárín wọn. Ó ya ìwé náà sí wẹ́wẹ́.

Ti káàdì ló wá pa èèyàn lẹ́rìn-ín jù. Ẹ̀kọ́ kẹrin sọ̀rọ̀ nípa káàdì kan tí wọ́n máa ń so mọ́ ara pẹpẹ ẹrù, tí wọ́n ń kọ èyí tó wọlé àti èyí tó jáde sí. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀, àwòrán náà ò hàn dáadáa. Oṣù méjì ni Mákindé fi ń wo àwòrán yẹn, tó ń dorí rẹ̀ kodò, tó ń gbé e síwájú iná. Ẹ jọ̀ọ́, sító tí wọ́n ti ń lo káàdì yìí wà ní ogún ìṣísẹ̀ sí ibi tó ti ń po tíì! Káàdì tó so rọ̀ níbẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún lọ. Bàbá sító sì jẹ́ ẹni tí ì bá fà á yọ fún un, tí ì bá fi ìdajì ọjọ́ ṣàlàyé, torí àwọn àgbà fẹ́ràn ẹni tó ń bi wọ́n ní nǹkan. Ṣùgbọ́n bí Mákindé bá béèrè, wọ́n á ní kí ló fẹ́ fi ṣe, wọ́n á fura, ayé á gbọ́. Ó kúkú kọ lẹ́tà sí Tútọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlélógún, Tútọ̀ dá a lóhùn pé: “Lọ sí sító kan nítòsí rẹ, kí o wò ó.”

Ká má purọ́ mọ́ ọn, kò fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Bó bá di ti ìwé, orí rẹ̀ pé, ti ayé ló dà á rú. Ó ń dìde ní ìdájí kí ìlà tó gùn, ó ń padà síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ lórí orúnkún. Máàkì rẹ̀ kúrò ní mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó di àádọ́ta, ó di méjìléláàádọ́rin. Lọ́jọ́ kan Tútọ̀ kọ ọ́ sí i pé, “Ọ̀gbẹ́ni Ọláṣùpọ̀, o ṣe dáadáa.” Omi bọ́ lójú Mákindé níbẹ̀, láàárín eṣinṣin. Ta ni yóò fi hàn? Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì jù ú sí ihò ṣáláńgá, bó ti ń ju gbogbo iṣẹ́ tí Tútọ̀ bá ti máàkì, kí ojú ẹnikẹ́ni má baà kàn án. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta, inú ìgbẹ́ ló wà.

Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún 1989, ó ku ìdánwò ìkẹyìn. Ìyẹn kì í ṣe ti lẹ́tà mọ́. Èèyàn gbọ́dọ̀ gbé ara rẹ̀ lọ jókòó nínú gbọ̀ngàn kan ní Yábà, pẹ̀lú káàdì ìdánwò tí kọ́lẹ́ẹ̀jì máa fi ránṣẹ́ sí i. Mákindé ní èyí ti ju agbára òun nìkan lọ. Ó gba ọjọ́ méje lẹ́nu iṣẹ́, ó ní inú ń run òun, ó sì lọ dùbúlẹ̀ sí ilé àdúrà, ó ń gbààwẹ̀ kí ojú ọ̀tá má tó o. Ta wá ló ń lọ kó lẹ́tà ní pósófíìsì fún ọjọ́ méje yẹn? Gàníyù ni o!

Láàárọ̀ ọjọ́ tó padà sẹ́nu iṣẹ́, Ọ̀gá Ládépọ̀ pe gbogbo wọn sí ọ́fíìsì. Àpòòwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ikùn Mákindé, tí wọ́n ti ń gbàdúrà fún láti ọjọ́ yìí, wá run ún lóòótọ́.

“Ta ní ń jẹ́ Àdìó Ọláṣùpọ̀?” ni ọ̀gá béèrè. “Àdírẹ́sì wa ló lò. Ilé-ẹ̀kọ́ ló kọ ọ́ sí i. Bó bá jẹ́ ọ̀kan nínú yín ni, kó sọ̀rọ̀, n kò ní bínú. Ẹni tó ń kàwé kò jalè.”

Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ọkùnrin yẹn sọ? Ó ní òun ò ní bínú! Kí Mákindé ṣáà ti dọ̀bálẹ̀, kó ní “Èmi ni, sà,” wọ́n á pariwo “Ìwọ Mákindé yìí!”, wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí dọ̀sán, ó parí. Ṣùgbọ́n Gàníyù dúró níbẹ̀, ó la ẹnu, ó ń wò yíká. Mákindé ní bí Gàníyù bá mọ̀ lónìí, ìdánwò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

“N kò mọ̀ ọ́n, sà,” ni Mákindé wí. Kó dákẹ́ síbẹ̀, ì bá sàn díẹ̀. Kò dákẹ́. Àṣejù, baba àṣetẹ́. “N kò gbọ́ orúkọ yẹn rí láyé mi, sà. Oníjìbìtì ni. Irú wọn ló ń ba orúkọ ilé-iṣẹ́ jẹ́. Bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ ká fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.”

Ọ̀gá Ládépọ̀ na àpòòwé náà sí i. “Ó dáa,” ló wí. “Ìwọ lò ń lọ sí pósófíìsì. Dá a padà fún wọn, kó o ní a ò mọ̀ ọ́n níbí.”

Mákindé gba lẹ́tà ara rẹ̀, ó gun kẹ̀kẹ́. Ẹ̀yìn ògiri bárékè ló ti já a. Káàdì ìdánwò ló wà nínú rẹ̀. Ó fò sókè, ó ní Ọlọ́run ti fọ́ ọ̀tá lójú. Lọ́jọ́ ìdánwò, nígbà tí wọ́n ń pe orúkọ ní Yábà, wọ́n pe Àdìó Ọláṣùpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó dáhùn, torí ó ń wo gbogbo ojú tó wà níbẹ̀ bóyá ó mọ ọ̀kan. Obìnrin kan tó jókòó tì í ní, “Ẹ̀yin ni Ọláṣùpọ̀! A wá yín títí. Àwa márùn-ún la jọ ń kàwé ní ilé mi ní Múṣin.” Mákindé sún ìjókòó rẹ̀ sẹ́yìn. Ó kọ ìdánwò náà, ó sì yege. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ṣe é. Gàníyù ti kọ tirẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú, ó fìdí rẹmi, gbogbo ilé-iṣẹ́ gbọ́, wọ́n fi í ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n sì tún kọ́ ọ títí ó fi yege lẹ́ẹ̀kejì.

Ìwé ẹ̀rí dé nínú oṣù Kejìlá. Lọ́jọ́ Ajé, Mákindé fi aṣọ lílọ̀ wọlé tọ Ọ̀gá Ládépọ̀, ó tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn ni bàbá sító máa kúrò. Ọ̀gá kà á, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó tún kà á.

“Ta ló ni èyí?”

“Èmi ni, sà.”

“Àdìó Ọláṣùpọ̀ ni mo rí níbí.”

“Èmi náà ni, sà. Oríkì mi ni Àdìó, Ọláṣùpọ̀ sì ni bàbá ìyá mi.”

“Mákindé,” ni ọ̀gá wí, “mo bi yín nínú ọ́fíìsì yìí. O ní o ò gbọ́ orúkọ yẹn rí láyé rẹ. O ní oníjìbìtì ni. O ní ká fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ṣé ká wá fà á lé wọn lọ́wọ́ báyìí?”

 Mákindé ní kí ọ̀gá dán òun wò, kó bi òun ní ohunkóhun nípa sító. Kò parọ́, ì bá dáhùn gbogbo rẹ̀.

“Kì í ṣe ohun tó o mọ̀ ni mò ń bi ọ́. Irin ni mo fẹ́ fi sí ìkáwọ́ rẹ. Ẹni tó wo ojú mi tó sẹ́ orúkọ ara rẹ̀, bí irin bá dín lọ́la, kí ni kò ní sẹ́? Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé o ò gbé ìwé ẹni ẹlẹ́ni wá? Iṣẹ́ tí wọ́n máàkì fún ọ ńkọ́? Kó wọn wá, kí n wo ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ.”

Ẹ mọ ibi tí iṣẹ́ tí wọ́n máàkì wà. Mákindé ò lè sọ ọ́. Ó ní òun á lọ búra ní kọ́ọ̀tù. Ọ̀gá ní kí ni ìbúra jẹ́ lẹ́nu ẹni tó ń sẹ́ orúkọ. Ṣùgbọ́n ọ̀gá kì í ṣe ìkà.

“Wá ẹnì kan fún mi,” ló wí níkẹyìn. “Ẹyọ ẹnì kan tó mọ̀ pé ò ń kàwé láti ọdún mẹ́ta yìí. Ará ilé rẹ, ará ìjọ rẹ, ẹnikẹ́ni. Títí àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì.”

Ẹnì kan! Gàníyù ì bá kó ọgbọ̀n èèyàn wá kó tó di ọ̀sán, àwọn tó kọ́ ọ àti àwọn tó fi í rẹ́rìn-ín. Mákindé sáré lọ bá wòlíì. Wòlíì ní inú rírun lòun rántí, ṣé ó ti lọ? Tútọ̀ ńkọ́? Àdìó ni Tútọ̀ mọ̀, kò mọ Mákindé, lẹ́tà sì máa gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ débi pé ó lọ kan ilẹ̀kùn Mùsítúrà.

“Ìwé kẹ̀, Bàbá Abọ́lá?” ni Mùsítúrà wí. “Nínú ibẹ̀ yẹn? Ẹ má bínú, mi ò lè jẹ́rìí èké. Àmọ́ bí inú bá tún ń run yín, èèpo ṣì kù nílé.”

Ó wá ku Kíkẹ́lọmọ. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, Mákindé jókòó tì í níbi tó ti ń ránṣọ, ó sì sọ ohun gbogbo fún un: orúkọ, lẹ́tà, ṣáláńgá, ayé. Ẹsẹ̀ Kíkẹ́lọmọ dúró lórí ẹ̀rọ.  Ó dìde, ó jáde lọ síbi ààrò, ó gbé ìkòkò àgbo tó ń hó sọ̀ kalẹ̀, ó sì dà á sí gọ́tà.

“Ṣáà ti sọ fún ọ̀gá pé o rí mi níbi tí mo ti ń kàwé,” ni Mákindé bẹ̀ ẹ́. “Ẹ̀ẹ̀kan péré.”

Ó ní òun ti gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Kíkẹ́lọmọ tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ dé Ọ̀jọ́. Ó kúnlẹ̀ kí Ọ̀gá Ládépọ̀, ọ̀gá ní kó dìde.

“Ìyá Abọ́lá, ṣé ẹ mọ̀ pé ọkọ yín ń kàwé?”

“Rárá, sà.”

Mákindé fi ẹsẹ̀ tọ́ ọ. Obìnrin náà ò wò ó.

“Mi ò rí ìwé lọ́wọ́ wọn rí, sà. Inú ni wọ́n ní ó ń run àwọn. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń jí se àgbo, mo sì ń sunkún ní kọ̀rọ̀, torí mo rò pé ọkọ mi ń kú lọ ni.”

Ó wá yíjú sí Mákindé. Kò gbé ohùn sókè rárá.

“Bàbá Abọ́lá, lánàá ẹ ní ayé lẹ̀ ń sá fún. Mo rò ó títí ilẹ̀ fi mọ́. Ṣé èmi náà wà lára wọn?”

Mákindé bojú wo ẹnu ọ̀nà bóyá Gàníyù ń gbọ́.  

Ọ̀gá Ládépọ̀ ká ìwé ẹ̀rí náà, ó nà án sí Kíkẹ́lọmọ, ó ní kó máa mú un lọ sílé. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n pe Gàníyù wọlé.